Ohun Tí Mo Fi Sínú Ikùn Aáyán Onírin Ọ̀gá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ́wọ́ yẹn mọ síbẹ̀. Ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ìyìn lẹ kó wá fún mi lónìí, ẹ ti wẹ̀, ẹ ti kun ara, àwọn mìíràn nínú yín wọ bàtà tó ń fún wọn lẹ́sẹ̀ nítorí tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wojú ògiri, tí ẹ ń wá pátákó tí wọ́n kọ orúkọ mi sí láti fi pe yàrá yìí ní tèmi, ẹ má wá a mọ́. Èmi ni mo ní kí kápẹ́ńtà yọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣi orúkọ mi kọ ni. Mo ní rárá, orúkọ náà pé, èmi tí mo ń jẹ́ ẹ ni kò yẹ kí n wà lókè yẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, dókítà yóò la àyà mi, yóò fi ohun kékeré kan síbẹ̀ tí yóò máa ta ọkàn mi jí, nítorí ọkàn mi ti ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Á lù díẹ̀, á sinmi díẹ̀, bí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò. Dókítà náà, ọmọ tí mo lè bí, fi ọwọ́ ya bí iná kékeré yóò ṣe máa ti inú ohun náà jáde, tí yóò fọwọ́ kan iṣan, tí iṣan yóò sì jí. Omi bọ́ lójú mi. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣàlàyé fún mi, ọ̀gá mi ti fi kọ́ mi nínú yàrá yìí ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta sẹ́yìn, àti pé ohun tí mo ṣe sí ọ̀gá náà kò jẹ́ kí n lè dárúkọ wọn ní gbangba títí dòní. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti lọ fún ogójì ọdún. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti rẹ èmi náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ yàrá iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú tábìlì funfun àti fáànù mẹ́rin, ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Fèrèsé méjì ló wà níbí. Ọ̀kan ò ṣeé tì, ìkejì ò ṣeé ṣí. Òórùn òjé tó yọ́ ti wọ inú ògiri débi pé bí ẹ bá fi imú kan sìmẹ́ńtì, ẹ máa gbọ́ ọ. Ọ̀gá mi kúrú, wọ́n fi wáyà so apá gíláàsì ojú wọn, kò sì sí ṣẹ́ẹ̀tì wọn tí irin sódà tí a fi ń yọ́ òjé ò jó lu lápò. Orí pẹpẹ ni wọ́n to ìgò jáàmù sí, inú ìgò wọ̀nyẹn ni aáyán àti ọ̀kùn ń gbé. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń pè wọ́n ní Baba Aláàyán. Wọ́n mọ̀, kò sì bí wọn nínú. Wọ́n máa ń ní àwọn tó bá ń pe àwọn bẹ́ẹ̀ ṣì máa wá kí àwọn aáyán náà ní ọ̀gá lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n fún mi ní wáyà méjì, wọ́n ní kí n jó wọn pọ̀. Mo jó o. Wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. “Ọwọ́ ẹ rọ̀ o. Ta ló kọ́ ẹ?” Mo ní bàbá mi tó ń tún rédíò ṣe ni. Wọ́n ní, “Ojú sódà dà bí ìkọ̀wé. Kò sí ẹni méjì tí tiwọn dọ́gba. Wo tìẹ, o máa ń kánjú gbé irin kúrò sápá òsì, òjé á yọ ìrù ṣóńṣó. Èèyàn lè dá ẹ mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún.” Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Inú mi dùn sí orúkọ náà ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún wọn. Ojú mi ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àwọn méjèèjì dà bí koríko gbígbẹ lójú mi. Ẹ̀yin oníṣẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn àlejò: nínú iṣẹ́ wa, nǹkan kan wà tí à ń pè ní rẹ̀sísítọ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá iná dúró kó má baà sáré kọjá. Ìlà aláwọ̀ ni wọ́n fi yí i lára, àwọ̀ ìlà yẹn ló ń sọ bó ṣe lágbára tó. Bí ìlà kẹta bá jẹ́ àwọ̀ ewé, alágbára ni. Bó bá jẹ́ pupa, kò lè dá eṣinṣin dúró. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé pé, “Má sọ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ló máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ.” Mo gbọ́ràn sí bàbá mi lẹ́nu níbi tí kò yẹ kí n ti gbọ́ràn. Ọ̀gá mi ti kọ nọ́ńbà sára agolo mílíkì tí wọ́n ń kó rẹ̀sísítọ̀ sí, nọ́ńbà yẹn ni mò ń wò, mi ò wo àwọ̀ rí. Ibi tó bá rú mi lójú, mo máa fi mítà wọ̀n ọ́n. Ọdún méje ni mo fi jẹun lórí ọgbọ́n yẹn.

Ẹ ò lè mọ bí ọdún méje yẹn ṣe dùn tó. Ọ̀gá mi á gbé ọ̀kùn kan sórí tábìlì, wọ́n á ní, “Ẹsẹ̀ mélòó lo rí? Èwo ló kọ́kọ́ gbé? Ta ló ń pàṣẹ fún un?” N ó ní mi ò mọ̀. “Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ. Tó bá jẹ́ pé ó ní láti ronú lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ebi ló máa pa á síbi tó wà. Iṣan kan ló ń fi iná lé èkejì lọ́wọ́, èkejì á fi lé ẹ̀kẹta, bí àwọn tó tò láti ibi kànga, tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn.” Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn: ẹ̀rọ tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí kò ní ọpọlọ, tó jẹ́ pé iná kan ló ń yí ká inú rẹ̀ láti ibì kan dé ibì kan bíi ti iṣan, tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀ lé iná náà. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti wà lórí ẹ̀ kí n tó dé.

Ohun tí a ṣe náà kò ju bàtà ọmọdé lọ. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú la ti yọ mọ́tò rẹ̀, ìdérí agolo ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá mi ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n máa ń gbé fúláàsì tíì wá lọ́sàn-án, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Orogún mi ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?” Ọ̀gá mi á fèsì pé, “Ó ti mu iná yó. Ìwọ la ń dúró dè.” Bó ṣe di Orogún nìyẹn. Bí ìyàwó ilé bá ń bínú, wọ́n á ní ọjọ́ tí Orogún bá kọ́kọ́ rìn, kó máa rìn bọ̀ wá fọ aṣọ ọkọ wọn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Bó bá ti ilé-ìwé dé, abẹ́ tábìlì yìí ló máa ń jókòó sí, tí yóò fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà iná sórí sìmẹ́ńtì, ìlà tó bá ṣì yà, á fi ìka pa á rẹ́. Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló ń pè mí. Ọ̀gá mi máa ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n á ní, “Èyí ló máa jókòó sórí àga mi. Ìwọ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, o máa sìn ín.” Èmi náà á ní mo ti gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Orogún rìn. A ti jókòó tì í láti àárọ̀, ebi ti ń pa wá, a kàn fi iná sí i láìretí ohunkóhun ni. Ó gbọ̀n, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ó rìn dé etí tábìlì, kò sì dúró, ó já sínú ife tíì ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi yọ ọ́, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n mu tíì náà tán. Wọ́n ní tíì tí ọmọ ẹni wẹ̀ nínú rẹ̀ kì í kó ni nírìíra. Mo ti jẹ oyè, mo ti gba ìwé-ẹ̀rí, àwọn ènìyàn ńlá ti bọ̀ mí lọ́wọ́, kò sí èyí tó dà bí ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo lo ọdún méje, àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n fi yàrá yìí sílẹ̀ fún wa tàbí kí wọ́n máa kó àga tó ti kán sí i. Ọ̀gá mi dá wọn lóhùn pé kí wọ́n wá, àwọn yóò yọ ẹsẹ̀ Orogún kan lójú wọn, Orogún yóò sì fúnra rẹ̀ wá bí yóò ṣe máa fi márùn-ún rìn, bíi ti aáyán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Wọ́n ya àfikún iṣan kan, ọ̀nà iná tuntun tí yóò so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, wọ́n fún mi kí n jó o. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ jó o, ìgúnpá mi gbá agolo méjì, gbogbo rẹ̀sísítọ̀ inú wọn dà papọ̀ sílẹ̀. Bátìrì mítà ti kú. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣà wọ́n, mi ò sì mọ èyí tí mò ń ṣà. Ọmọdébìnrin yẹn jókòó sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mi, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Tí mo bá ní, “Àbúrò, èwo ni pupa?” kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mi ò bi í. Ojú ń tì mí. Àgbàlagbà ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí kò mọ pupa. Mo mú ọ̀kan tó wù mí, mo jó o mọ́ ibẹ̀.

A yọ ẹsẹ̀ kan, Orogún ṣubú. A gbé e dìde, ó tún ṣubú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀gá mi fi wá àṣìṣe nínú ìwé tí wọ́n yà. Wọn ò wo ohun tí mo jó rárá. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yẹ inú rẹ̀ wò,” èmi náà mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Wọ́n ní, “Ọwọ́ tìẹ kọ́. Ọwọ́ tìẹ ò ṣeé fura sí. Orí mi ló ti ṣìnà.” Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Ìyàwó wọn á gbé fúláàsì wá, wọ́n á gbé e padà bó ṣe wà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi bojú wo inú ìgò aáyán fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, “Àbí irọ́ ni mo ti ń pa fún ara mi láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò sọ èyí láti fi wẹ ara mi mọ́: mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ìfẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó sọ mí di ọ̀dájú.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àwọn àlejò dé, mo yọ ṣípù kan, ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò ju èékánná lọ, nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Ṣípù yẹn ò mọ nǹkan kan ju kíkà lọ: ẹsẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tò ó kí ó lè fi ẹsẹ̀ márùn-ún rìn, mo fi í pamọ́ sínú ikùn Orogún lábẹ́ bátìrì, mo ṣe é kí ó máa gba iṣẹ́ bí a bá ti yọ ẹsẹ̀ kan. Mo wá pe ọ̀gá mi. “Ọ̀gá, ojú wáyà kan ló ti ṣí, mo ti tún un jó. Ẹ dán an wò.” Wọ́n yọ ẹsẹ̀ kan. Orogún rìn. Wọ́n di orí mi mú, wọ́n ń sunkún sí i. Wọ́n di ìyàwó wọn mú, wọ́n jó yí tábìlì ká, ọmọ wọn ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, èmi náà sì ń jó. Ẹ wo ojú mi bí mo ṣe ń jó lórí irọ́ ara mi. Inú mi dùn dénú, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Àwọn márùn-ún ló wá. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó fi okùn so gíláàsì kọ́rùn, tó ń wo nǹkan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọ̀gá mi yọ ẹsẹ̀ kan, Orogún rìn láti ìhín dé ọ̀hún, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà nìkan ni kò pa á. Ó ní, “Ó dáa gan-an. Ẹ jẹ́ ká yọ òmíràn.” Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ fúnra yín yọ ọ́.” Ó yọ ọ́. Orogún ń kà á bó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà ṣì wà. Ó dojú dé, àwọn ẹsẹ̀ tó kù sì ń lu afẹ́fẹ́ ní ìṣirò kan náà, kò gbìyànjú láti dìde. Obìnrin náà ní, “Kò mọ̀ pé òun ti ṣubú. Kòkòrò máa mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí inú rẹ̀.” Ọ̀gá mi fi ọwọ́ ara wọn tú u, wọn ò bẹ̀rù, wọn ò ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n gbé bátìrì kúrò. Ṣípù náà wà níbẹ̀.

Ọ̀gá mi gbé gíláàsì wọn sókè, wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n rí ojú sódà mẹ́jọ, wọ́n rí ìrù ṣóńṣó mẹ́jọ tó kọjú sápá òsì. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn wò mí bí èèyàn ṣe máa ń wo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti sọ. Obìnrin náà bèèrè pé, “Ta ló fi èyí síbẹ̀?” Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo sọ. Ẹnu mi ló là fúnra rẹ̀. Mo ní, “Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o. Ọ̀gá fúnra wọn ló máa ń ti ikùn rẹ̀.” Ọmọbìnrin ọ̀gá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ ife dání. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, ẹ sọ fún wọn pé bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.” Mo tẹ orí ba. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú ìbínú nìkan ni èèyàn ti ń pa èèyàn. Èmi ò gbé ọwọ́ sókè. Orí ni mo tẹ̀ ba.

Ọ̀gá mi dá gbogbo wọn lóhùn. Wọ́n ní, “Tèmi ni ẹ̀rọ náà. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, èmi ni kí ẹ bi.” Wọn ò sọ pé àwọn ni, wọn ò sì dárúkọ mi. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní oníjìbìtì ni wọ́n, ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá lọ nínú ọgbà gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀gá mi ti di ìgò aáyán wọn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Mo sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, “Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, máa jẹ́ kí òjé tutù kí o tó gbé irin kúrò. O máa ń kánjú jù.” Wọ́n lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n fi yàrá yìí àti àga ọ̀gá mi fún mi. Mo gbà á.

Ọdún mẹ́fà ni ọ̀gá mi fi tún rédíò àwọn aládùúgbò ṣe lójúde ilé wọn kí wọ́n tó kú. Mo lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Ìyàwó wọn wá mi rí, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, “Ìwọ nìkan lo rántí wa nínú gbogbo wọn.” Mo jẹ́ kí wọ́n dì mọ́ mi. Ọmọ wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Oníjìbìtì ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé títí ó fi kúrò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó rí ọ̀nà iná tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà sórí sìmẹ́ńtì yìí mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ń lọ.

Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ti parí síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, à ń tún sítóò ṣe, mo rí Orogún nínú páálí. Mo fa àfikún iṣan yẹn jáde. Mo pe ọ̀kan nínú yín, ìwọ tí o jókòó nítòsí fèrèsé yẹn, o lè má rántí mọ́. Mo ní kí o ka ìlà ara rẹ̀sísítọ̀ yẹn fún mi, mo purọ́ pé mi ò mú gíláàsì mi wá. O ní, “Ìlà kẹta pupa ni, ọ̀gá.” O jáde lọ, o ń kọrin. Pupa. Àwọ̀ ewé ni ọ̀gá mi kọ sínú ìwé wọn. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo yọ pupa, mo fi àwọ̀ ewé síbẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yọ ṣípù irọ́ yẹn dànù. Mo yọ ẹsẹ̀ Orogún kan. Ó ṣubú. Ó dúró díẹ̀, ó gbọ̀n, ó gbé ti iwájú, ó gbé ti ẹ̀yìn, ó ń wá a, ó sì dìde. Ó ń tiro bí ẹni tí òkúta wọ̀ sínú bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Mo yọ ìkejì. Ó wá a, ó rí i. Ohun tí ọ̀gá mi sọ ṣẹ láìku ẹyọ kan. Wọn ò ṣìnà lójú ìwé kan rí. Èmi ni mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́ pẹ̀lú ohun tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, èmi náà ni mo fi irọ́ bo ìbàjẹ́ náà, èmi náà ni mo tún sọ irọ́ náà sí wọn lọ́rùn. Wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Ẹ bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ti Orogún mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, mo ṣí ìwé ọ̀gá mi, mo fi kọ́ yín, ẹ sì ń rò pé orí mi ló ti jáde. Ọ̀rọ̀ korobá omi àti kànga tí ẹ fẹ́ràn láti máa fara wé ohùn mi sọ, ti ọ̀gá mi ni. Bí ẹ bá ń yìn mí, n ó ní ẹ ṣeun. Ojú ti ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ̀ mọ́ pé ojú ń tì mí.

Lọ́jọ́ Túsídè tó kọjá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ ọ̀gá mi. Ó ń yọ eruku lára ẹ̀rọ kan. Ó kí mi, ó fún mi ní àga, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn òwú. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá yìí, kí n má baà rò pé ẹ dákú.” Mo ní mi ò ní dìde àfi bí mo bá sọ̀rọ̀ mi tán. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó ń fi aṣọ nu abẹ́rẹ́ kan, ó nù ún títí. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ṣé bàbá mi mọ̀ pé ẹ̀yin ni?” Mo ní wọ́n mọ̀. Ó ní, “Wọn ò sọ fún wa. Títí wọ́n fi kú, wọ́n ní ká máa kí yín bí a bá rí yín.” Ìgbà náà ló sunkún. Mo ní kí ó dárí jì mí, mo ní n ó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára yàrá yìí. Ó ní, “Ẹ má fi pátákó rẹ̀ mí lẹ́kún. Kọ̀rọ̀ ni ẹ ti wá ń bẹ̀ mí, èmi pẹ̀lú yín nìkan. Ìta gbangba ni wọ́n ti pe bàbá mi ní oníjìbìtì. Gbangba kan náà ni kí ẹ ti sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ká tó mọ èyí tó kàn.” Mo ní ṣé yóò wá. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó tì mí.

Ó wà lẹ́yìn yẹn. Ẹ má yíjú wò ó, ẹ jẹ́ kó rí ara rẹ̀ gbà. Orogún wà lórí tábìlì yìí, iná wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó wá yọ ẹsẹ̀ kan kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ bátìrì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá irin sódà mú, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀ láti fún yín, ta ni mo jẹ́. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé ló jókòó síbẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ṣe àṣìṣe láàárọ̀, ẹ sọ ọ́ kó tó di ọ̀sán. Ọ̀gá yín lè bínú, wọ́n lè lé yín. Lílé yẹn kéré. Mo ti wo ohun tó tóbi jù ú lọ fún ogójì ọdún, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Nínú àwọn márùn-ún tó wá lọ́jọ́ yẹn, mo ti wádìí wọn, kò ku ẹnì kan láyé. Gbogbo wọn ló gbé irọ́ mi lọ sí ọ̀run, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè rán sí wọn. Ẹ̀yin ni mo rí bá sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ dípò wọn. Ìwọ ọmọ ọ̀gá mi, àbúrò mi, mi ò tún ní bi ọ́ bóyá o ti dárí jì mí. O bẹ̀ mí ní ohun kan lẹ́nu ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú abọ́ ife lọ́wọ́, mi ò dá ọ lóhùn. Èsì rẹ nìyí, lójú gbogbo ènìyàn: bàbá rẹ ò parọ́. Èmi ni mo parọ́.